Ẹ Wá Àwọn Tó Ti Lọ: Ìdáhùn fún Òṣìṣẹ́ Kánsù Kan Lórí Fọ́ọ̀mù Ìdágbére

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kánsù kan nílẹ̀ Yorùbá níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ètò iṣẹ́ ọlọ́dún méjì tí a ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ ń parí lóṣù tó ń bọ̀, àwọn 1,200 ló sì máa jáde. Ọ̀gá wa ní ká pín fọ́ọ̀mù fún wọn lọ́jọ́ ayẹyẹ ìdágbére kí wọ́n kọ èrò wọn síbẹ̀, ká lè fi mọ̀ bóyá ètò náà yọrí sí rere. Nígbà tí a ṣe irú rẹ̀ fún àwọn tó ṣáájú wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló kọ ọ́ pé “ó dára gan-an”. Ṣùgbọ́n mo máa ń pàdé díẹ̀ lára wọn nígboro, ohun tí wọ́n ń sọ fún mi kò sì jọ ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù. Ṣé bíbi àwọn tó ń kúrò léèrè wúlò rárá? Bó bá wúlò, báwo ni ká ṣe ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, àbúrò mi. Ẹ ti rí ìdáhùn ìbéèrè yín nígboro kí ẹ tó kọ̀wé sí mi. Bíbi wọ́n léèrè wúlò púpọ̀. Ẹni tó ṣì wà nínú ètò ìrànwọ́ ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Ẹni tí kò wọ̀ ọ́ rí, àgbọ́sọ ló ń sọ. Ẹni tó ti wọ̀ ọ́, tó sì ti jáde, tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, òun ló lè sọ ohun tí ètò náà fi sí i lọ́wọ́ àti ohun tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọjọ́ tí èèyàn lè yàn láti bi í, ọjọ́ ayẹyẹ ìdágbére ló burú jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí síbi ìdágbére ètò kan tó jọ tiyín. Gbọ̀ngàn kún, àwọn ọmọ wọ aṣọ ètò náà tí wọ́n ti lọ̀ dáadáa, wọ́n ń ya fọ́tò. Sùpáfáísọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà nídìí tábìlì kékeré kan, ìwé oríṣi méjì sì wà níwájú rẹ̀: fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ èrò wọn sí wà lápá òsì, orúkọ àwọn tó máa gba owó oṣù méjì tí wọ́n jẹ wọ́n wà lápá ọ̀tún. Ẹni tó bá ti dá fọ́ọ̀mù padà ló ń buwọ́ lu ìwé owó. Ọmọbìnrin kan jókòó tì mí. Mo rí i tó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, “A ń fi”. Ó gbé bíró dúró, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó fi bíró pa á rẹ́. Ó wá kọ ọ́ gàdàgbà pé: “Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Kí Ọlọ́run bù kún yín.”

Mo gba nọ́ńbà rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, mo lọ bá a ní ìsọ̀ tó ti ń ránṣọ, mo bi í pé kí ni ì bá ti kọ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní: “Mà, a ń fi ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ sílẹ̀ lóṣooṣù kí wọ́n tó sàìnì fún wa pé a wá síbi iṣẹ́. Mo fẹ́ kọ ọ́. Ìwé owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni.” Ó wá ṣàlàyé fún mi pé ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n pín òun sí wà ní òdìkejì ìlú, ọ̀kadà méjì ni àlọ, méjì ni àbọ̀. Láti oṣù kejì ló ti ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta péré lọ́sẹ̀, nítorí bó bá ń lọ lójoojúmọ́, owó ọkọ̀ á jẹ owó oṣù tán. Lórí ìwé, kò pa ọjọ́ kan jẹ. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó fọwọ́ lu ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà níwájú rẹ̀, ó ní: “Ṣùgbọ́n owó yẹn náà ni mo fi dá àjọ tí mo fi ra èyí, mà. Mi ò lè parọ́ mọ́ wọn.”

Ẹ wò ó. Nínú àkọsílẹ̀ ètò yẹn, ẹni tí inú rẹ̀ dùn, tó sì ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ni ọmọbìnrin yìí. Nígbà tó kọ ọ́, ẹ̀rù owó ló ń bà á. Àkọsílẹ̀ pé ó wá síbi iṣẹ́ sì jẹ́ ohun tí wọ́n ń tà fún un ní ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀. Ohun rere tí ètò náà ṣe fún un gan-an, ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Fọ́ọ̀mù náà pàdánù aburú, ó tún pàdánù ire.

Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan o. Ilé tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ọmọ tí a kọ́ báyìí, tí ẹ wá gbé fọ́ọ̀mù lé lọ́wọ́ níwájú alága kánsù, níwájú ọba àti àwọn ìjòyè, kí lẹ rò pé ó máa kọ? Ìwà ọmọlúàbí rẹ̀ ni fọ́ọ̀mù náà wọ̀n. Ẹ ò tíì wọn ètò yín.

Ilẹ̀ tí mo ti rí ẹ̀kọ́ kọ́ jù lórí wíwá àwọn tó kúrò nínú ètò ìrànwọ́ ni Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 1996, Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí òfin kan tó fòpin sí AFDC, ètò owó ìrànwọ́ fún àwọn ìdílé tálákà tó lọ́mọ, tó ti wà láti 1935. Òfin náà fi TANF rọ́pò rẹ̀: ó ní kí àwọn òbí wá iṣẹ́ ṣe, ó sì fi gbèdéke oṣù 60 sí owó ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Nígbà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń gba owó yìí lé ní mílíọ̀nù 12. Nígbà tó fi máa di 2001, wọn ò pé mílíọ̀nù mẹ́fà mọ́. Àwọn olóṣèlú ní ètò náà ti yọrí sí rere, nítorí èèyàn ti dín kù lórí ìwé. Àwọn mìíràn ń pariwo pé ebi ń pa àwọn ọmọdé. Àwọn méjèèjì ò tíì bá àwọn tó jáde sọ̀rọ̀. Ẹnu ọ̀nà nìkan ni ìjọba ń kà: iye tó wọlé, iye tó jáde.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn. Ní 1998, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìlera àti ìrànwọ́ fún aráàlú fún àwọn ìpínlẹ̀ àti kántì kan, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ti Amẹ́ríkà, lówó láti ṣe ìwádìí yìí, wọ́n sì fẹnu kò lórí ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú: ta ni ká pè ní ẹni tó kúrò? Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde, tí kò sì padà wọlé fún oṣù méjì léraléra ni wọ́n kà sí i. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ fáìlì ló ń tì nítorí ìwé kan tí kò tètè dé, tàbí ọjọ́ ìpàdé kan tí ẹni náà pa jẹ, tí wọ́n á tún ṣí i padà lóṣù kejì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò kúrò níbì kankan. Ẹ̀yin náà mọ irú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa: owó ò wọ àkáǹtì rẹ̀ nítorí orúkọ tó wà lórí BVN kò bá ti báńkì mu, wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí ìwé, wọ́n tún dá a padà. Bí ẹ bá kà á mọ́ àwọn tó jáde, ìṣirò yín ti bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ni wọ́n rí? Ìwádìí àwọn ìpínlẹ̀ àti kántì yẹn fi hàn pé nǹkan bí mẹ́ta nínú márùn-ún lára àwọn tó kúrò ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin sí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló sì tún padà wá gba owó ìrànwọ́ láàárín ọdún kan. Urban Institute, ilé iṣẹ́ ìwádìí kan ní ìlú Washington, náà wádìí jákèjádò orílẹ̀-èdè ní 1997, lọ́dọ̀ àwọn ìdílé tó kúrò láàárín 1995 sí 1997. Pamela Loprest ló kọ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1999: ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún ń ṣiṣẹ́, bí a bá sì to owó iṣẹ́ wọn láti orí kékeré dé ńlá, ti ẹni tó wà láàárín gbùngbùn jẹ́ dọ́là 6.61 fún wákàtí kan. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta sọ pé ìgbà kan wà lọ́dún yẹn tí àwọn ní láti dín oúnjẹ kù tàbí kí àwọn má jẹ rárá, nítorí kò sówó. Ìwádìí kan náà, èèyàn kan náà. Ẹni tó bá bi wọ́n pé “ṣé ẹ níṣẹ́ lọ́wọ́?” nìkan á gbé ìròyìn ayọ̀ lọ sílé. Ẹni tó bá bi wọ́n pé “ṣé ẹ jẹun?” á gbé òmíràn lọ.

Èyí tó máa ń gún mi lọ́kàn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni àwọn kan tí wọ́n wá rí lẹ́yìn náà. Nígbà tó fi máa di 2002, nǹkan bí ẹnì kan nínú méje lára àwọn tó kúrò ni kò níṣẹ́, tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ kò níṣẹ́, tí kò sì gba owó ìrànwọ́ mọ́. Irú àwọn yìí ló ṣòro jù láti rí: wọ́n ti pa fóònù tì, wọ́n ti kó kúrò nílé. Bí ìwádìí bá ṣe ń tètè parí tó ni wọ́n ṣe ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ tó. Ní 1999 kan náà, GAO, ọ́fíìsì tó ń bá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe àyẹ̀wò, wo àwọn ìwádìí tí àwọn ìpínlẹ̀ ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì sọ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣeé fi ṣojú fún gbogbo àwọn tó kúrò, nítorí àwọn tí wọn kò rí pọ̀ jù.

Ibi tí mo ń lọ nìyẹn, àbúrò mi. Àwọn tí ẹ ò rí ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ẹ ní 1,200 ló máa jáde. Ṣé 1,200 ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, àbí 1,200 ló kù? Mi ò tíì rí ètò ọlọ́dún méjì kan tí èèyàn ò kúrò nínú rẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ lọ gbé ìwé orúkọ ọjọ́ àkọ́kọ́ jáde. Ká ní 1,400 ló wà níbẹ̀. Igba èèyàn yẹn kò ní sí ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ìdágbére, kò sẹ́ni tó máa fún wọn ní fọ́ọ̀mù, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wá. Òmíràn nínú wọn rí iṣẹ́ tó dára jù, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Òmíràn lóyún, kò sì sí ètò kankan fún aláboyún. Òmíràn kò rí owó ọkọ̀. Òmíràn jà pẹ̀lú sùpáfáísọ̀, tàbí kó kọ̀ láti fi ohun tí wọ́n ní kó fi sílẹ̀ sílẹ̀. Òmíràn kò tilẹ̀ wà rí, orúkọ rẹ̀ nìkan ló ń gbowó. Òmíràn ti kú. Ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra fún ètò yín, nítorí náà ẹ má kó wọn pọ̀ sábẹ́ “àwọn tó fi ètò sílẹ̀”. Nínú iṣẹ́ tèmi, mo máa ń gbìyànjú láti rí gbogbo àwọn tó lọ kí àkókò tó tó. Mi ò kì í ṣẹ́ wọn yàn.

Àwọn tó bá a dé òpin, ẹ lè ṣẹ́ wọn yàn. Ẹ fi ìbò mú 300 nínú 1,200, kì í ṣe àwọn tí ọ̀gá mọ̀, kì í ṣe àwọn tó ń gbé nítòsí kánsù. Bí èèyàn bíi 292 bá dáhùn nínú 1,200, ìṣirò yín kò ní fi ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ jìnnà sí òtítọ́, nígbà 19 nínú 20. Ṣùgbọ́n kí wọ́n dáhùn ni o. Ká ní ẹ pe 300, ẹ rí 180, tí 135 nínú àwọn 180 yẹn sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀gá yín á fẹ́ kọ ọ́ pé ìdá 75 ló níṣẹ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má kọ ọ́. Ẹ ò mọ nǹkan kan nípa 120 tí ẹ ò rí. Bí gbogbo wọn bá wà láìníṣẹ́, ìdá 45 péré ló níṣẹ́. Bí gbogbo wọn bá níṣẹ́, ó di ìdá 85. Ohun tí ẹ mọ̀ ní tòótọ́ ni pé ó wà láàárín 45 sí 85, ìyẹn kò sì lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti pinnu ohunkóhun. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rìn dáadáa títí ẹ fi rí 270, tí 200 níṣẹ́, ó ti di àárín 67 sí 77. Èyí ni ẹ lè gbé síwájú ìgbìmọ̀. Owó ọkọ̀ àti owó káàdì fóònù tí ẹ máa ná láti wá 90 yẹn ṣàǹfààní ju gbogbo fọ́ọ̀mù tí ẹ fẹ́ tẹ̀ lọ.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Ẹ rántí N-Power, ètò iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe fún àwọn ọ̀dọ́. Àwọn 200,000 àkọ́kọ́ wọlé ní ìparí 2016, àwọn 300,000 tẹ̀ lé wọn, 30,000 náírà lóṣù ni owó àwọn tó jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ọdún méjì ni wọ́n ní ó máa jẹ́. Àwọn àkọ́kọ́ lo ọdún mẹ́ta àbọ̀. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2020 ni wọ́n dá àwọn ará ìpele àkọ́kọ́ sílẹ̀, ọjọ́ 31 oṣù Keje ni ti ìpele kejì. Ẹ ronú wo oṣù tí a wà nígbà yẹn: kòrónà, ilé ẹ̀kọ́ ṣì wà ní títì, ọjà ò tíì rìn dáadáa. Ẹni tó bá bi ọmọ N-Power ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn pé “ṣé o ti ríṣẹ́?”, kòrónà ló ń wọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣí ojú òpó kan tí wọ́n pè ní NEXIT, kí àwọn tó jáde lè forúkọ sílẹ̀ fún ètò ẹ̀yáwó. Ohun tó dáa ni láti ronú nípa àwọn tó ti lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi irú ìforúkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ ipò tí gbogbo wọn wà, kó ṣọ́ra: ẹni tó ti ríṣẹ́ kò ní wá ẹ̀yáwó, ẹni tí kò ní dátà kò ní dé orí rẹ̀. Àwọn tó wà láàárín méjèèjì nìkan lẹ máa rí.

Fún tiyín, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fẹ́ kí ẹ pè wọ́n. Àkọ́kọ́, lẹ́yìn oṣù kan tí owó tó kẹ́yìn ti wọ àkáǹtì wọn, kí ìrántí ibi iṣẹ́ tó ṣá. Ìkejì, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ìkẹta, lẹ́yìn ọdún kan, nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ bá ti ń mówó wọlé tàbí tí wọ́n ti tà á jẹun. Bí owó kò bá tó, ẹ yọ àárín kúrò, ẹ má yọ ti ọdún kan.

Ẹni tó máa bi wọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ sùpáfáísọ̀ wọn, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń bá sùpáfáísọ̀ jẹun. Ẹ wá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga láti ìlú mìíràn, ẹ kọ́ wọn lọ́jọ́ méjì. Ẹ jẹ́ kí obìnrin bi obìnrin, nítorí ohun tí ọ̀gá kan ṣe fún ọmọbìnrin níbi iṣẹ́, kò ní sọ ọ́ fún ọkùnrin. Èdè ibi tí ẹni náà wà ni kí wọ́n fi bi í: ará Ìkálẹ̀ ní Ìkálẹ̀, Ẹ̀gùn ní Ẹ̀gùn, ọmọ Hausa tó dàgbà ní Ṣáṣá kó yan èyí tó wù ú. Fọ́ọ̀mù òyìnbó tí ẹ tú sí Yorùbá lójú ẹsẹ̀ máa ń dà bí ìdánwò lójú wọn, wọ́n á sì máa wá ìdáhùn tó gba máàkì. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe, kí wọ́n gba àyè, kí wọ́n sì sọ pé ẹni náà lè kọ̀. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà ti wà láti 2023, ó sì kàn yín. Ẹ pín nọ́ńbà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ má bá ìdáhùn rìn pọ̀ délé ọ̀gá.

Ó wá kan ohun tí wọ́n máa bi wọ́n. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni pé ṣé ètò náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ìbéèrè yẹn ní lẹ́nu ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ bi wọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iṣẹ́ wo lo ṣe tó mówó wọlé, èló ló jẹ́? Nínú ohun tí wọ́n kọ́ ọ, èwo lo lò láàárín ọ̀sẹ̀ yìí? Láti ilé dé ibi tí wọ́n pín ọ sí, èló ni owó ọkọ̀? Ṣé ìgbà kan wà tí ẹnikẹ́ni ní kí o mú nǹkan wá kí ohun tó tọ́ sí ọ tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́? Nígbà tí owó náà dúró, kí lẹ kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ohun tí ẹ ń rà nílé? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí, ẹ jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu wọn. Mo ti gbọ́ “ẹyin”, mo ti gbọ́ “owó ẹ̀kọ́ ọmọ àbúrò mi”, mo ti gbọ́ “kò sí, nítorí mi ò fi owó yẹn jẹun rí, gbèsè ni mo ń san”. Ìdáhùn mẹ́ta yẹn sọ ohun tí owó náà ń ṣe nínú ilé kọ̀ọ̀kan ju ojú ewé mẹ́wàá lọ.

Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ, òun ni mo máa ń fi parí: “Bí ètò yìí bá tún bẹ̀rẹ̀ lọ́la, tí àbúrò rẹ fẹ́ wọ̀ ọ́, kí lo máa sọ fún un?” Ẹni tó ti ń dúpẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ á yí ohùn padà. Kò bá ìjọba sọ̀rọ̀ mọ́, àbúrò rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, kò sì ní fẹ́ kí ìyà jẹ àbúrò rẹ̀. Ọmọkùnrin kan sọ fún mi pé: “Màá ní kó wọ̀ ọ́. Àmọ́ màá ní kó má jẹ́ kí wọ́n fi òun sí ọ́fíìsì, kó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi òun sí oko. Ní ọ́fíìsì, ọdún méjì ni mo fi ń ra búrẹ́dì fún àwọn ọ̀gá. Àwọn tó wà lóko mọ nǹkan kan báyìí.” Kò sí fọ́ọ̀mù tó lè bí irú ìyẹn. Nígbà tí a wá fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ wé ti àwọn mìíràn, a rí i pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí: àwọn tí wọ́n pín sí ọ́fíìsì kò rí nǹkan kọ́.

Ààlà kan wà tí mi ò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún yín. Bí ẹ tilẹ̀ rí gbogbo àwọn tó kúrò, tí wọ́n sì sọ òtítọ́, ẹnu wọn kò lè sọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ sí wọn ká ní wọn kò wọ̀ ọ́ rárá. Ní Amẹ́ríkà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ pọ̀ káàkiri ní ìparí àwọn ọdún 1990, ìjọba sì ti fi kún owó tó ń dá padà fún òṣìṣẹ́ tálákà nínú owó orí. Nínú àwọn tó ríṣẹ́, ta ni òfin tuntun rí i fún, ta ni ọjà tó dáa rí i fún? Àwọn tó kúrò kò mọ̀ ọ́n. Ibi tí wọ́n ti lè sọ ọ́ ni àwọn ibi bíi Minnesota, níbi tí wọ́n ti fi ìbò pín àwọn ìdílé láti 1994: àwọn kan wọ ètò tuntun tó jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tọ́jú púpọ̀ sí i nínú owó ìrànwọ́ rẹ̀, àwọn kan dúró sí ti àtijọ́. Fún àwọn ìyá anìkàntọ́mọ tó ti pẹ́ lórí ìrànwọ́, iṣẹ́ pọ̀ sí i, owó sì pọ̀ sí i ju ti ẹgbẹ́ kejì lọ.

Ó ti pẹ́ jù fún yín láti mú ìbò nínú èyí tó ń parí lọ. Ṣùgbọ́n ìwé àwọn tó kọ̀wé béèrè tí ẹ kò mú á ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan. Ẹ mú 150 nínú àwọn tó yẹ, tó jẹ́ pé àyè ló kún, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà lórí iṣẹ́ àti owó. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó ní ẹnì kan lókè nìkan lẹ mú wọlé, àfiwé yẹn ti fì sápá kan, nítorí ẹni tó ní ẹnì kan lókè á ríṣẹ́ láìsí ètò yín. Ẹ kọ ìyẹn náà sínú ìròyìn yín.

Gbogbo ètò kọ́ ló rí bí tiyín o. Nígbà tí Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbàlagbà tó ti pé ọdún 65 ní 5,000 náírà lóṣù ní 2011, ikú ni ọ̀nà àbájáde tó wọ́pọ̀ jù nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tó ń bá ìyá náà ra oògùn ni ẹ máa bi, kì í sì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ ìsìnkú.

Mo mọ̀ pé ọ̀gá yín ń bẹ̀rù pé ìwádìí bẹ́ẹ̀ á tú àṣírí. Á tú u lóòótọ́. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ fún un. Bó bá gbé fọ́ọ̀mù tó ní gbogbo nǹkan dára lọ síwájú àwọn tó ń pín owó, wọ́n ti rí irú rẹ̀ rí, wọn ò kà á sí. Bó bá lè sọ pé nínú 270 tí a rí, iye báyìí fi owó náà ra irinṣẹ́ tó ṣì wà lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ọdún kan, iye báyìí ni wọ́n gba rìbá lọ́wọ́ rẹ̀, a sì ti yọ sùpáfáísọ̀ tó gbà á, ó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ẹ tún pe àwọn tó dáhùn padà, ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wọn fún wọn. Àwọn ló máa sọ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn bóyá ó yẹ kí wọ́n gbé fóònù yín.

Ẹ má fagi lé ayẹyẹ náà. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n jó, kí wọ́n ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé owó tí ẹ jẹ wọ́n ti wọ àkáǹtì gbogbo wọn ṣáájú ọjọ́ yẹn, kí ìwé owó kankan má sí lórí tábìlì. Níbi tí ẹ fẹ́ gbé fọ́ọ̀mù sí, ẹ gbé ìwé kan síbẹ̀ tí wọ́n máa kọ nọ́ńbà mẹ́ta-mẹ́ta sí: tiwọn, ti ìyá tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé, àti ti ẹnì kan tí kì í ṣí kiri, ìmáàmù, pásítọ̀, alága àdúgbò tàbí ìyálọ́jà. Kí ẹni tó ń gbà á pe nọ́ńbà àkọ́kọ́ lójú wọn, kó gbọ́ kó dún. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìwé orúkọ ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi wé ti ọjọ́ yẹn, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo orúkọ tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn yẹn.